Pọ́ǹpù Inú Bùùtù

Bọ́lárìnwá ò lè gbà láéláé kí ìyá rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì èrò. Ẹ kúkú bọ́ ọ síhòòhò láàárín ọjà. Ọmọ Iléṣà ni, iṣẹ́ ìjọba ló gbé e dé Òṣogbo, ó sì ti pẹ́ tó ti ń jókòó nídìí tábìlì kan ní sẹkitéríàtì. Ọkọ̀ tó ń wà kì í ṣe tuntun. Ìbátan rẹ̀ kan ló fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, ọkọ̀ ńlá oníwájú gbọọrọ kan, tó ti sin ẹlòmíì títí kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sílé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Bọ́lárìnwá kọ́kọ́ fi gbé ìyá rẹ̀ ní Iléṣà, ẹ ò bá rí i bó ṣe ń rọra wà á kọjá níwájú ilé kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè rí Yèyé nínú rẹ̀ dáadáa. Láti ọjọ́ náà ni àga iwájú ti di ti Yèyé. Ìyàwó rẹ̀ gan-an, ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí bí Yèyé bá wà níbẹ̀, kò sì ráhùn rí.

Rùkáyà ni ìyàwó náà ń jẹ́. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni, ilé Mùsùlùmí ló ti wá, tíṣà ni. Nígbà tí Bọ́lárìnwá ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ, àwọn ẹbí fajú ro ní Iléṣà, nítorí Mẹ́tọ́díìsì paraku ni wọ́n. Yèyé ló gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Ó ní òun ò bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tí ọmọ náà ti ń gbàdúrà, ìwà rẹ̀ lòun ń wò. Nígbà tí wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ sí Yèyé lójú ní ọsibítù kan ní Òṣogbo, Rùkáyà ló ń kán oògùn sí i lójú láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Yèyé ò gbà kí ẹlòmíì ṣe é. Ó ní ọwọ́ Bọ́lárìnwá ń gbọ̀n jù. Á gbé orí lé itan Rùkáyà, á la ojú sílẹ̀, Ìdùnnú ọmọ wọn, tí ò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ, á dúró tì wọ́n, á ní kí wọ́n kán tòun náà. Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín títí.

Dókítà ní kí atẹ́gùn àti eruku má fẹ́ sí ojú náà, ó sì ní kí Yèyé máa wá fún àyẹ̀wò lóṣooṣù. Bó ṣe di pé lóṣooṣù, Bọ́lárìnwá á wakọ̀ lọ sí Iléṣà ní Sátidé nìyẹn, á gbé Yèyé síwájú, á yí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sókè pátápátá, wọ́n á sì máa bọ̀ ní Òṣogbo. Yèyé á lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, á rí dókítà, ọmọ rẹ̀ á sì gbé e padà sílé.

Ó wá di ọjọ́ Jímọ̀ kan, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Igbe burúkú gbáà ni, àfi bí ẹni ń fa irin lórí irin. Bọ́lárìnwá gbé e lọ bá Lùkúmọ̀n, mẹkáníìkì tó máa ń bá a tún un ṣe. Lùkúmọ̀n ṣí bònẹ́ẹ̀tì, ó tẹ́tí sí i díẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ ni. Àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ ló máa ń ní in. Ó máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú èéfín tó ń jáde lára ẹ́ńjìnnì, kí èéfín náà lè tún jó kó tó dé sàlẹ́ńsà. Inú ẹ̀ ti jẹ tán. Tó bá fi lè gan pa báyìí, á já bẹ́líìtì, ẹ ó sì dúró sójú títì."

"Wá òmíràn fi sí i nígbà náà."

"Èkó la ti máa rí i. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó dé."

Bọ́lárìnwá ní ọ̀la gan-an lòun ń lọ gbé Yèyé, kò sì sí bí òun ṣe fẹ́ sọ fún ìyá òun pé ọkọ̀ òun ò lè rìn. Lùkúmọ̀n họ orí. Ó ní òun lè yọ pọ́ǹpù náà kúrò ná, kí òun fi bẹ́líìtì tó kúrú sí i, ọkọ̀ á máa lọ. Ìyọnu kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni páìpù tó ti ara pọ́ǹpù wọ ibi tí èéfín ti ń jáde, tí ẹnu rẹ̀ á ṣí sílẹ̀. Ẹ sì mọ ohun tí a fi ń dí gbogbo nǹkan nílẹ̀ yìí. Ó gé rọ́bà tíúbù táyà, ó wé e mọ́ ẹnu páìpù náà léraléra, ó fi wáyà dì í pinpin.

"Ẹ má jẹ́ ó pẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Iná ẹ́ńjìnnì á jẹ rọ́bà yìí. Tí pọ́ǹpù bá ti dé, ẹ gbé e wá kíá."

"Ó ti yé mi," ni Bọ́lárìnwá wí.

Ó yé e! Ẹ máa gbọ́ ná. Pọ́ǹpù dé lóòótọ́, tuntun, nínú páálí rẹ̀. Bọ́lárìnwá gbé e sínú bùùtù, ó ní lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ lòun á yà lọ́dọ̀ Lùkúmọ̀n. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ò ké mọ́, ó ń sáré bó ṣe yẹ, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ sì di oṣù tó ń bọ̀. Rùkáyà rí páálí náà lọ́jọ́ kan tó ń kó ẹrù sí bùùtù, ó bi í pé ṣé kò ní í fi sí i ni. Ó ní òun ò tíì ráyè. Nígbà tó tún rán an létí, ó dá a lóhùn pé, "Tíṣà, èmi kì í ṣe ọmọ kíláàsì rẹ o." Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Lùkúmọ̀n tó mọ ohun tó fi dí páìpù, òun náà ò pè é. Oníbàárà tí ọkọ̀ rẹ̀ ò yọ lẹ́nu, ta ló ń wá a kiri?

Oṣù tó tẹ̀ lé e, orí ti ń fọ́ Yèyé kó tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Òṣogbo. Rùkáyà kúnlẹ̀ kí i, ó gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, ó bu omi fún un, ó gbé iyán síwájú rẹ̀. Yèyé ò tíì jẹun débì kan tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ó ní ilé ń yí òun lójú. Wọ́n gbé e sùn, nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ara rẹ̀ ti yá, ó tún ń bá Ìdùnnú ṣeré. Bọ́lárìnwá gbé e padà sí Iléṣà lẹ́yìn àyẹ̀wò, ẹsẹ̀ Yèyé ò gbé e mọ́ nígbà tí wọ́n fi máa dé ẹnu ọ̀nà. Àdúràgbèmí ló gbá a mú kó má baà ṣubú.

Àdúràgbèmí ni ẹ̀gbọ́n Bọ́lárìnwá obìnrin, òun ló ń gbé pẹ̀lú Yèyé. Ó ti fi Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀ bọ́ sí Àpọ́sítélì, ààwẹ̀ àti àdúrà ni tirẹ̀. Èèyàn dáadáa ni, ẹ má gbọ́ ọ sódì. Ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ dénú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á, ẹni tẹ́rù bá sì bà bẹ́ẹ̀ á máa wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù. Ó ní òun lá àlá, òun rí ọwọ́ obìnrin kan lórí àwo oúnjẹ Yèyé.

"Ọwọ́ ta ni?" Bọ́lárìnwá bi í lórí fóònù.

"Mi ò rí ojú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ náà wò ó. Ilé ta ló ti ń dé tó bá ti rí bẹ́ẹ̀?"

Inú bí Bọ́lárìnwá, ó pa fóònù mọ́ ọn létí. Oṣù kejì, ohun kan náà ṣẹlẹ̀, ó tún le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò pa fóònù mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ létí mọ́. Kò sẹ́ni tó rántí pé ara Yèyé máa ń yá lọ́jọ́ kejì nínú ilé Rùkáyà kan náà, lórí oúnjẹ Rùkáyà kan náà. Orí Bọ́lárìnwá náà máa ń fọ́ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá jọ rìnrìn-àjò náà, ojú rẹ̀ á pọ́n, ṣùgbọ́n gíláàsì tirẹ̀ máa ń ṣí díẹ̀, kì í sì í pẹ́ lọ. Ó ní iṣẹ́ ọ́fíìsì ni.

Ní oṣù kẹta, Àdúràgbèmí dá ọgbọ́n kan. Ó se oúnjẹ tí Yèyé máa jẹ sínú kúlà, ó bu omi tó máa mu sínú kẹ́ẹ̀gì, ó kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan ohunkóhun láti ọwọ́ Rùkáyà. Yèyé gbà, ojú sì ń tì í. Rùkáyà kúnlẹ̀ kí i bó ṣe máa ń kúnlẹ̀, ó gba báàgì, ó rí kúlà, ó rí kẹ́ẹ̀gì, ó lóye ohun tí wọ́n ń ṣe. Yèyé ò tíì jókòó tó fi dákú lọ gbọnrangandan lórí àga. Kò tíì jẹun, kò tíì mu omi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ mi, ṣé kò yẹ kí ọ̀rọ̀ náà tán níbẹ̀? Wọ́n ní oúnjẹ ni, ìyá ò jẹ oúnjẹ, ó ṣì dákú. Ó ṣe tán, oúnjẹ kọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ dé Iléṣà, ohun tí wọ́n wí ni pé ohun tó wà lọ́wọ́ obìnrin náà ju oúnjẹ lọ. Wọ́n ní ìkúnlẹ̀ yẹn ni. Wọ́n ní bó bá ti fọwọ́ kan báàgì Yèyé, ó parí. Ẹ̀rí tó yẹ kó dá a láre, òun ni wọ́n fi tún dè é mọ́lẹ̀!

Ohun tó dun Rùkáyà jù ò tíì ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó mú oògùn ojú wá bó ṣe máa ń ṣe. Yèyé yí orí sí ògiri.

"Jẹ́ kí Bọ́lá kán an," ó wí jẹ́jẹ́.

Rùkáyà dúró síbẹ̀, ìgò oògùn lọ́wọ́ rẹ̀. Bọ́lárìnwá ló wá gbà á. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, oògùn náà dà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Yèyé, ó ń ṣàn lọ bí omijé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí Yèyé lọ, Rùkáyà bá ọkọ rẹ̀ ní pálọ̀.

"Bàbá Ìdùnnú, ẹ jọ̀ọ́, tó bá di oṣù tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí Yèyé wọ bọ́ọ̀sì wá. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo ti ń wò yín tipẹ́. Ẹ̀yin gan-an, orí máa ń fọ́ yín, ojú yín á pọ́n. Bóyá ọ̀nà yẹn ni, bóyá ọkọ̀ yẹn ni, mi ò mọ̀. Wáláhì, mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi."

"Ìyá mi? Nínú bọ́ọ̀sì èrò? Kí wọ́n fún un mọ́ àárín àpò gaàrí àti adìyẹ, kí gbogbo Iléṣà sì máa wò ó pé ọmọ rẹ̀ ní mọ́tò? O fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín ni?"

"Ẹ̀sín wo? Àbí ẹ ò rí ohun tí wọ́n ń fi èmi ṣe?"

"Má dárúkọ bọ́ọ̀sì kankan mọ́ nínú ilé yìí!"

Ó lè bú u, ó lè jágbe mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò lè gbà pé ọkọ̀ tó fi ń yangàn ló ní àléébù. Ká ní ó gbà fún Rùkáyà lọ́jọ́ yẹn ni, ì bá sàn.

Àwọn ẹbí pe ìpàdé ní Iléṣà. Bàbá Nehemiah, àbúrò Yèyé, ló ṣe alága. Ó ní àwọn ò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, kí ìyàwó kàn padà sílé bàbá rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n fi wò ó bóyá ara Yèyé á balẹ̀. Gbogbo ojú yí sí Bọ́lárìnwá. Ó ń wo bàtà rẹ̀. Kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n sì ka ìyẹn sí bẹ́ẹ̀ ni.

Rùkáyà ò bẹ̀bẹ̀. Ó di ẹrù rẹ̀ àti ti Ìdùnnú. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà.

"Ẹ̀yin, Bàbá Ìdùnnú. Ẹ fi ti ẹbí sílẹ̀. Ṣé ẹ gbà pé mo lè ṣe é?"

Bọ́lárìnwá ní kó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rọlẹ̀ ná. Obìnrin náà mi orí, ó mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó lọ sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọ̀rọ̀ náà sì ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Àwọn òbí méjì ti ní kí wọ́n gbé ọmọ àwọn kúrò ní kíláàsì rẹ̀.

Nígbà tí àyẹ̀wò tún pé, Àdúràgbèmí ní kí Bọ́lárìnwá wá gbé Yèyé, pé ilé ti mọ́ wàyí, gbogbo ayé á rí i pé ara Yèyé á balẹ̀ níbẹ̀. Òjò ti ṣú nígbà tó dé Iléṣà. Yèyé wọlé sí àga iwájú, ó fi aṣọ òkè bo ẹsẹ̀, ó sì ń wo ìta títí wọ́n fi jáde nínú ìlú.

"Bọ́lá, ta ló máa kán oògùn fún mi?"

"Èmi ni, Yèyé."

"Ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n." Ó fa aṣọ òkè náà sókè. "Ṣé ulé bàbá rẹ̀ lọmọ yẹn wà?"

"Ibẹ̀ ló wà."

"N ò sùn dáadáa láti ọjọ́ tí mo ti yí orí sí ògiri. Tá a bá dé, gbé mi lọ bá a. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́."

Òjò bẹ̀rẹ̀, Bọ́lárìnwá yí gíláàsì tirẹ̀ náà sókè, ó tan fáànù ọkọ̀ kí ìkùukùu má baà bo gíláàsì iwájú. Wọ́n ti ń sún mọ́ Òṣogbo nígbà tí wọ́n bá ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ti dábùú ọ̀nà. Gbogbo ọkọ̀ tò sẹ́yìn rẹ̀. Orí Bọ́lárìnwá ń fọ́ bí ẹni pé ó fẹ́ là, èébì sì ń gbé e. Ó fi kóòtù rẹ̀ kún aṣọ tó bo ẹsẹ̀ Yèyé. Ó ní kó fara balẹ̀, òun fẹ́ lọ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níwájú. Kò pa ẹ́ńjìnnì, kí fáànù lè máa fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná, kí òtútù má mú ìyá rẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn pa dáadáa kí òjò má baà fọ́n sí ojú tó ń tọ́jú.

Ó bì sínú kòtò, ó lọ bá àwọn awakọ̀ yòókù lábẹ́ àtíbàbà kan lẹ́bàá ọ̀nà. Atẹ́gùn òjò fẹ́ sí i, ara rẹ̀ wá fúyẹ́. Wọ́n bú ìjọba, wọ́n bú onílọ́rì, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ kí wọ́n tó fa ọkọ̀ akẹ́rù náà kúrò.

Nígbà tó sáré padà, Yèyé ti fi orí ti gíláàsì. Ó rọra wọlé kó má jí i, ó ṣí gíláàsì tirẹ̀ díẹ̀ nítorí òjò ti dá, ó ṣíná.

"Yèyé, mo ti rò ó," ó ń sọ ọ́ bó ṣe ń wakọ̀ lọ. "Ọ̀dọ̀ Rùkáyà náà la máa kọ́kọ́ yà. Lónìí gan-an. Èmi náà máa bẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí Àǹtí Gbèmí máa bínú."

Inú rẹ̀ dùn bó ṣe ń sọ ọ́. Ó dúró níwájú ilé bàbá Rùkáyà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ó fọwọ́ tọ́ Yèyé lápá. Apá náà rọ wálẹ̀. Ariwo tó pa ló mú Rùkáyà jáde. Òun ló ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, òun ló gbá Yèyé mọ́ra, tó ń pè é, tó ń fi ìborùn fẹ́ ẹ, "Yèyé, èmi ni, Yèyé, ẹ dá mi lóhùn." Ní ọsibítù, wọ́n ní ó ti kú. Wọ́n ní àgbà ni, ọkàn ló dáwọ́ dúró.

Ẹ ò ní í bi mí ohun tí wọ́n sọ ní Iléṣà. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ló kú sí! Ó ti fà á títí ó fi fà á débẹ̀! Ó ṣojú gbogbo Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, wọ́n rí òkú lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé ní kó jókòó sílé ná, kí ọ̀rọ̀ fi rọlẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, Bọ́lárìnwá sá fún àwọn tó ń wá bá a kẹ́dùn. Ó ṣí bùùtù láti kó báàgì Yèyé jáde, ó rí páálí pọ́ǹpù, ó sì gbé ọkọ̀ lọ bá Lùkúmọ̀n, kí ọwọ́ rẹ̀ ṣáà lè rí nǹkan ṣe. Lùkúmọ̀n bá a kẹ́dùn, ó da kẹrosíìnì sí àwọn nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà, ó tú wọn, ó tú bẹ́líìtì kúkurú náà. Ó yí pọ́ǹpù tuntun lọ́wọ́, ó yí wọ́ọ́rọ́wọ́, kò pariwo rárá. Nígbà tó wá nawọ́ sí páìpù láti tú rọ́bà kúrò lẹ́nu rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò bá nǹkan kan. Wáyà nìkan ló kù, ó ń mì.

Ó tan iná fóònù sí i. Èéfín ti pa gbogbo ibẹ̀ dúdú, láti ẹnu páìpù náà dé ara ògiri irin tó pààlà ẹ́ńjìnnì àti inú ọkọ̀. Ihò kan wà níbẹ̀, níbi tí páìpù ẹ̀rọ amúlétutù ti ń gbà kọjá kí wọ́n tó yọ ọ́. Lùkúmọ̀n bọ́ sínú ọkọ̀, ó gbé kápẹ́ẹ̀tì iwájú sókè. Abẹ́ rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Ẹ̀gbọ́n," ó wí, ohùn rẹ̀ ti yí padà, "ta ló máa ń jókòó síbí?"

Ilé tí Bọ́lárìnwá ń gbé, òun ló máa ń lọ kan ilẹ̀kùn àwọn alájọgbé láti kìlọ̀ pé kí wọ́n má gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ilé, pé èéfín rẹ̀ ń pa èèyàn lójú oorun. Ó jókòó sílẹ̀ nínú òróró dúdú pẹ̀lú ṣòkòtò funfun tó wọ̀.

"Ẹ má dárúkọ mi, ẹ̀gbọ́n," Lùkúmọ̀n ń bẹ̀ ẹ́, ó ti dọ̀bálẹ̀. "Mo ní kẹ́ ẹ tètè gbé e wá. Mo sọ fún yín. Ẹ forí jì mí, ẹ má dárúkọ mi." Lẹ́yìn náà, ó dìde, ó de pọ́ǹpù tuntun mọ́ ibi tó yẹ kó wà, ó sì ṣíná. Ọkọ̀ náà ń dún jẹ́jẹ́.

Bọ́lárìnwá wakọ̀ lọ sí Iléṣà lọ́jọ́ náà gan-an, ó bá Bàbá Nehemiah nínú yàrá, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un. Bàbá gbọ́ ọ tán, ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ta lo tún sọ fún?"

"Kò sí, Bàbá."

"Má sọ ọ́ mọ́. O fẹ́ kí wọ́n máa pè ọ́ ní ẹni tó pa ìyá rẹ̀? O fẹ́ kí Àdúràgbèmí gbọ́ ọ, kó ya wèrè? Jẹ́ ká sin Yèyé bí wọ́n ṣe ń sin èèyàn pàtàkì. Obìnrin yẹn ti lọ ná, bàbá rẹ̀ ò ní í jẹ́ kí nǹkan ṣe é."

Bọ́lárìnwá ní, "Bàbá, ṣùgbọ́n Rùkáyà ńkọ́?"

"Lẹ́yìn ìsìnkú," ni Bàbá wí.

Ẹ sì mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ọkùnrin tó lè fi pọ́ǹpù sínú bùùtù títí. Ó gbà. Ó ní lẹ́yìn ìsìnkú. Títí tí wọ́n fi ra pósí, tí wọ́n fi gbẹ́ sàréè, ó ń gbọ́ bí àwọn obìnrin ṣe ń ṣépè lé ìyàwó rẹ̀ lórí ní kọ̀rọ̀ ilé, á kàn gba ibòmíì kọjá.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n tẹ́ Yèyé sí pálọ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Rùkáyà dé, aṣọ dúdú lọ́rùn, ó mú Ìdùnnú lọ́wọ́. Àwọn obìnrin tó wà níta fa ọmọ wọn mọ́ra. Àdúràgbèmí jáde, ó na apá dí ẹnu ọ̀nà.

"Níbo lò ń lọ? O tún wá wò ó bóyá ó kú tán ni?"

Rùkáyà kúnlẹ̀ nínú yẹ̀pẹ̀ níwájú rẹ̀. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Mo kàn fẹ́ dágbére fún un ni. Ẹ dúró tì mí. Mi ò ní í fọwọ́ kàn án."

"Apànìyàn!" ni obìnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn. Ìdùnnú bú sẹ́kún.

Bọ́lárìnwá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹkún ọmọ yẹn ni kò lè gbà mọ́ra. Ó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó jáde síta, ó sì pariwo débi pé àwọn tó wà lójú títì gbọ́.

"Ẹ fi í sílẹ̀! Èéfín ọkọ̀ mi ló pa Yèyé. Páìpù kan là sílẹ̀, èéfín ń wọlé bá wa, èmi ló ń ti gíláàsì mọ́ ọn. Nǹkan tí wọ́n fẹ́ fi tún un ṣe wà nínú bùùtù mi, mi ò lọ fi sí i. Èmi ni. Rùkáyà ò ṣe nǹkan kan fẹ́nì kan."

Bàbá Nehemiah ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ mú un wọlé, ìbànújẹ́ ti dà á lórí rú." Àwọn ọkùnrin méjì dì í lápá mú. Àdúràgbèmí káwọ́ lérí, ó ní, "Ẹ rí i? Ẹ ò rí i bó ṣe ń sọ̀rọ̀? Ó ti ṣe òun náà!" Àwọn obìnrin ń mi orí, wọ́n ń fi ọwọ́ sí àyà.

Rùkáyà nìkan ni kò mi orí. Ó dìde, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ lórúnkún, ó ń wo ojú ọkọ rẹ̀. Ó gbà á gbọ́. Ó hàn lójú rẹ̀ pé ó gbà á gbọ́, ara rẹ̀ sì ń rọ̀ bọ̀ bí ti ẹni tí wọ́n sọ ẹrù wíwúwo kalẹ̀ fún. Ó tiẹ̀ sún mọ́ ọn ní ẹsẹ̀ kan.

"Ìgbà wo lẹ mọ̀?" ó bi í.

Bọ́lárìnwá ì bá purọ́. Kò rí irọ́ náà pa.

"Ọjọ́ Ajé."

"Òní Jímọ̀," ni Rùkáyà wí.

Ó dúró díẹ̀ bóyá yóò tún sọ nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn náà, ó gbé Ìdùnnú pọ̀n, ó fi ìborùn dúdú gbà á mọ́ ẹ̀yìn, ó sì gba àárín àwọn tó ń sá fún un kọjá lọ sí títì. Bọ́lárìnwá fẹ́ pè é, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń fà á wọlé, wọ́n ń sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀, pé kò sẹ́ni tó gba ohun tó sọ gbọ́.